Lẹ́tà Tí Kò Ní Ìtẹ̀ka

Kọ́kọ́rọ́ náà kò yí. Tíṣà Ọlọ́runṣògo yọ ọ́, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó tún tì í bọ ihò. Kò yí. Ìgbà tó tẹjú mọ́ ọn dáadáa ló rí i pé àgádágodo tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá ìkàwé ṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣe èyí tí òun mọ̀. Tuntun ni.

Àárọ̀ Sátidé ni, ọdún kan lẹ́yìn tí a gba òmìnira. Láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, Tíṣà ni í kọ́kọ́ dé síbẹ̀ ní gbogbo Sátidé, òun ni í ṣílẹ̀kùn, òun ni í lu agogo fún kíláàsì àgbà. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ní Odigbo ló dá kíláàsì náà sílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ tí wọn kò ráyè kàwé ní kékeré. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ń ka ìwé ìròyìn fún ará ìlú, àwọn kan ń bá wọn kọ lẹ́tà lọ́jọ́ ọjà, ṣùgbọ́n kíláàsì àgbà, ti Tíṣà ni. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà n'Íbàdàn. Ilé ẹ̀kọ́ tó fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sìn ti fún un ní aago ọwọ́ kan, wọ́n ní ó dìgbóṣe. Bí wọ́n bá tún gba kíláàsì yìí lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló kù? Ṣé kó jókòó sílé kó máa ka òrùlé ni?

Ilé Fọlárìn ló gbà lọ. Fọlárìn ni akọ̀wé ẹgbẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń gbé yàrá kan ní Àgọ́ Aláyé, nígbà tí àwọn méjèèjì jẹ́ olùkọ́ kékeré. Ọkùnrin náà jáde síta, kò wo ojú rẹ̀.

"Ṣògo, jókòó."

"N kò jókòó. Ta ló pààrọ̀ àgádágodo?"

"Ẹgbẹ́ ni. A ṣèpàdé lọ́jọ́rú."

"Ìpàdé wo? Ta ló pè mí sí i?"

Fọlárìn wọlé, ó mú ìwé kan jáde. "Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ló kọ ọ́ sí wa. Kà á fúnra rẹ."

Tíṣà kò tíì ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tó fi mọ ọwọ́ tó kọ ọ́. Magdalene ni. Bó ṣe ń fa ìrù g rẹ̀ gùn wọ ìlà ìsàlẹ̀ yẹn, Tíṣà ló fi ṣọ́ọ̀kì ya á fún un lára pátákó, bóyá nígbà ogún.

*Ẹ̀yin ọ̀gá wa, a dúpẹ́ fún ìwé tí ẹ ń kọ́ wa. Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ Tíṣà Ọlọ́runṣògo mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi ẹlòmíràn rọ́pò wọn.*

Orúkọ mẹ́rìndínlógún ló tò sísàlẹ̀.

Háà! Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Àní Magdalene! Opó tó jẹ́ pé ìka ló fi ń tẹ̀wé kòkó rẹ̀, tí àwọn oníbàárà ń rẹ́ jẹ bó ṣe wù wọ́n! Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí yóò kọ láyé rẹ̀, òun ló fi lé olùkọ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun.

"Ìwọ náà mọ̀, Fọlárìn, o sì dákẹ́."

"Ojú ló tì mí láti sọ fún ọ."

"Ojú tì ọ́, o wá lọ ra àgádágodo."

Ó ká ìwé náà mọ́wọ́, ó mú ọ̀nà Omifunfun, abúlé tí Magdalene ń gbé, pọ̀n. Magdalene ń tú kòkó sórí ẹní nígbà tó dé, fìlà funfun àwọn Aládùúrà wà lórí rẹ̀. Bó ti rí i, ó kúnlẹ̀ kí i.

"Dìde," Tíṣà wí. "Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Obìnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀ títí. "Tíṣà, ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ ní kí Bàbá Owólabí kúnlẹ̀?"

"Ó pẹ́ dé. Ẹni tó bá pẹ́ dé, yóò kúnlẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn."

"Ìṣọ́ òru la ti ń bọ̀. Bàbá tó jù yín lọ ni. Olúrótìmí, ọkọ ọmọ wọn, sì wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú, ó ń wò wọ́n."

Àna! Ọmọkùnrin tó ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá ìyàwó rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ìṣojú rẹ̀ ni bàbá náà ṣe kúnlẹ̀, tó nawọ́ sókè bí ọmọ tó jí ẹ̀pà. Ọ̀rọ̀ pípẹ́ nìkan ni Tíṣà rò lọ́jọ́ náà.

"Láti ọjọ́ náà, Bàbá kò jẹ kí Olúrótìmí wọ ilé wọn mọ́. Ojú ń tì wọ́n."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ fún mi lójú?"

"A sọ ọ́, Tíṣà. Ẹ ní ká dákẹ́, ká nawọ́ sókè."

"Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́ ọ níwèé, Magdalene!"

"Ẹ̀yin ni. Ọlọ́run á san án fún yín." Omi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní òun yóò gba lẹ́tà náà padà.

Tíṣà tún tú ìwé náà. Ó ń wá àṣìṣe, bó jẹ́ ẹyọ kan péré, ohun tó lè fi bá a wí. Kò rí. Ó gbé ojú lọ sí àwọn orúkọ. Èyí tó kẹ́yìn tóbi, ó wọ́, ó ń gun òkè bí ejò, ṣùgbọ́n ó pé: *Owólabí*. Oṣù mẹ́jọ ni ọkùnrin yìí fi jókòó ní kíláàsì tí kò kọjá lẹ́tà O tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀. Tíṣà ti sọ fún Fọlárìn rí pé olórí òkúta ni.

"Ta ló bá a kọ èyí?"

"Àwọn fúnra wọn ni. Wọ́n ní àwọn kò ní tẹ̀ka sí i."

"Ta ló kọ́ bàbá náà?"

"Èmi ni."

"Báwo lo ṣe ṣe é?"

Magdalene wò ó, bí ẹni tí ìbéèrè náà kò yé. "Mo jókòó tì wọ́n nílẹ̀ níbí, Tíṣà. Títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n."

Tíṣà wo ilẹ̀ náà. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ó lé oṣù mẹ́jọ ló fi kọ́ni níwèé, orí ìdúró ló wà ní gbogbo rẹ̀.