Ààwẹ̀ Sìgá

Kí ló wá dé tí ọwọ́ mi ò gbọ́ràn? Mo ní kó máa yí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó tún ti wà nínú àpò. Kí ló ń wá níbẹ̀? Àpò òfìfo ni. Mo ti kó gbogbo ẹ̀ dànù — sìgá, ìṣáná — láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀. Ọwọ́ ò mọ̀ ni? Tàbí ó mọ̀, ó kàn fẹ́ dán mi wò…

Wò ó, mo ti rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò Tíṣà Ọláyẹmí pa. Ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀ máa gbà jáde gan-an ni mo gán pọ̀. Èmi Mùkáílà, tí wọ́n ń gbé aṣọ wá bá láti Ìdèrè. Ó dáa, tú u.

Ti ààwẹ̀ yẹn ni ò yé mi. Nínú oṣù ààwẹ̀, láti sààrì títí di ìṣínu, sìgá kì í kan ẹnu mi, mi ò sì í rántí ẹ̀. Ebi a máa pa mí, òùngbẹ a máa gbẹ mí, ṣùgbọ́n sìgá? Rárá. Ẹnu yìí náà ni. Àyà yìí náà ni. Kí ló wá yàtọ̀? Òun ni mo gbójú lé — mo ní bí mo bá ti ṣe àníyàn ẹ̀ bí ẹni fẹ́ gbààwẹ̀, ó parí. Àníyàn sì rèé, inú ọkàn ni wọ́n ń ṣe é sí. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mùnírátù ìyàwó mi pàápàá ò gbọ́.

Àbí torí pé kò sí ìṣínu ni? Ààwẹ̀ tí ò ní ìrọ̀lẹ́… Rárá, kì í ṣe ìyẹn. Àárọ̀ kùtù ló ti ń wù mí.

"Bàbá Rùkáyàt, èéfín yín ni kì í jẹ́ kí ọmọ yìí mí dáadáa." Ìka mi ni nọ́ọ̀sì ń wò bó ṣe ń sọ ọ́ ní ọsibítù lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, kò wo ojú mi. Ọmọ ọdún méjì. Bó bá sùn, àyà ẹ̀ a máa súfèé. Bí mo bá gbé e, ikọ́. Bí ìyá ẹ̀ bá gbà á, á rọlẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò fẹ́ kó kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ó tán, mo ti sọ ọ́.

Babáwálé ọ̀rẹ́ mi ńkọ́? Ó na sìgá sí mi láàárọ̀ yìí, mo ní eyín ló ń dùn mí. Ta ló rán mi ní irú irọ́ bẹ́ẹ̀? "Eyín kẹ̀? Ṣebí èéfín ló ń pa kòkòrò eyín. Fà á, kó o sé ẹnu mọ́ ọn díẹ̀." Ó fi ọ̀kan sílẹ̀ sórí ẹ̀rọ, ó tún lọ sọ fún Mùnírátù. "Eyín ń dùn yín, ẹ ò wí?" Ni ìyàwó mi bá po ẹ̀kọ gbígbóná wá. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń mu ún.

Òórùn sìgá yìí… ṣé bó ṣe máa ń rùn nìyí? Mi ò mọ̀ rí.

Dúró ná. Sààrì. Ta ló ń jí mi ní sààrì? Mùnírátù ni. Bí mo bá ń wo ọ̀nà ìkòkò lọ́sàn-án, ta ní ń sọ pé, "Ẹ ní sùúrù, oòrùn ti ń wọ̀"? Òun náà ni. Babáwálé ńkọ́, tí ètè ẹ̀ máa ń gbẹ bíi tèmi, tá a jọ máa ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, tá à ń fi ebi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n á fi pe ìrun? Gbogbo àdúgbò ló ń bá mi di ẹnu yìí mú…

Èmi sì rò pé agbára mi ni.

Láti kékeré ni mo ti ń gbààwẹ̀. Mi ò dá gba ọ̀kan rí.