Ìgò Inú Omi Gbígbóná

Owú fẹ́ẹ̀ pa ẹ̀gbọ́n kú. Òun ló mú àbúrò rẹ̀ wọ iṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé-ìwé, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ìgò mú, ṣùgbọ́n àbúrò nìkan ni ọ̀gá ń yìn. Ipò olórí yàrá náà sì ti ṣófo. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára jù níwájú àwọn àlejò tó ń bọ̀ wá wo yàrá náà ni yóò gbà á.

Iṣẹ́ tí àbúrò fẹ́ fi hàn wọ́n ni ti ẹ́ńsáìmù, ìyẹn purotéènì tó ń gé stáàṣì wẹ́wẹ́ di ṣúgà. Bí áyódíìnì, oògùn olómi tí wọ́n fi ń dá stáàṣì mọ̀, bá kan stáàṣì, á dúdú. Bí ẹ́ńsáìmù bá ti gé e tán, kò ní dúdú mọ́. Ẹ̀gbọ́n mọ̀ pé iná ń ba purotéènì jẹ́, bí ẹyin sísè kò ṣe lè di òròmọdìẹ mọ́. Bí àbúrò ṣe jáde lọ bu omi, ẹ̀gbọ́n ri ìgò ẹ́ńsáìmù rẹ̀ sínú omi gbígbóná, ó sì dá a padà sáyè rẹ̀. Ọmọ ìyá ẹni o.

Nígbà táwọn àlejò dé, ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ohun mẹ́rin gbòógì ló para pọ̀ di ara ohun alààyè: stáàṣì àti ìbátan rẹ̀ ṣúgà, ọ̀rá, purotéènì, àti DNA tó ń gbé ìrísí òbí fọ́mọ. Tìbínú-tìbínú ló fi sọ ti DNA. Baba kan, ìyá kan, kí ló wá dé tó jẹ́ àbúrò nìkan làwọn èèyàn ń fẹ́ràn?

Ó kan àbúrò. Ó da ẹ́ńsáìmù sí stáàṣì, wọ́n dúró díẹ̀, ó kán áyódíìnì sí i. Ó dúdú kirikiri. Ẹ̀gbọ́n dorí kodò kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀.

Àbúrò gbé ìgò náà sókè. Omi inú rẹ̀ tó mọ́ gaara tẹ́lẹ̀ ti funfun bí omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó lọ mú ìgò mìíràn tó fi pa mọ́ sínú fíríìjì, ó sì tún un ṣe. Èyí ò dúdú rárá.

"Sísè la se ti àkọ́kọ́," ó ní, "kẹ́ ẹ lè rí i pé purotéènì tó ti jiná ò lè ṣiṣẹ́ mọ́."

"Ó dáa gan-an," ọ̀gá ní. "Ẹ fi èyí tó kú wé èyí tó yè. Ta ló ronú kàn án?"

"Àǹtí mi ni."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá fi kọ́kọ́rọ́ yàrá lé ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ lójú gbogbo wọn.

Nígbà tó ku àwọn méjèèjì, ẹ̀gbọ́n ní, "Kí ló dé tó ò sọ fún wọn?"

"Ṣé kí wọ́n wá lé yín lẹ́nu iṣẹ́ ni?" Àbúrò ń fọ ìgò lọ. Kò tilẹ̀ bínú.

Ẹ̀gbọ́n di kọ́kọ́rọ́ mú, owú sì tún gbé e. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ń jowú bí àbúrò ṣe mọ̀ ọ́n dárí jini.