Ẹ Kọ Ọ́ Kí Ẹ Tó Gbé Mi

Ìdajì ni ìjọba ní mo farapa. Ìdajì! Bí ẹni pé búrẹ́dì ni mí. Ọkọ̀ ológun ni mo ń wà lójú ogun títí bọ́ǹbù fi bú lábẹ́ rẹ̀. Ó ba orúnkún ọ̀tún mi jẹ́, ó gba agbára ọwọ́ òsì mi, ó sì dí etí òsì mi pa. Dókítà mẹ́ta ló yẹ̀ mí wò, oníkálukú nínú yàrá tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí ẹnì kejì rí.

Ìjọba kì í fún ẹni ìdajì ní olùtọ́jú, àfi ẹni tí wọ́n bá ní ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ tán. Torí náà, ọmọ mi obìnrin ló ń wẹ̀ mí, òun náà ló ń dì mí mú lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọmọ yìí kọ́ṣẹ́ awakọ̀ ojú irin, wọ́n sì ti pè é síṣẹ́ ní ìlú tó jìnnà. Ó ní òun ò lọ.

"Ta ni kí n fi yín sílẹ̀ fún, Màmi?"

Inú bí mi débi pé mi ò jẹun lọ́jọ́ náà. Mi ò bímọ kí n wá fi ṣe ọ̀pá ìtìlẹ̀.

Ni mo bá pẹjọ́. Àwọn ará ilé wa ní, "Sájẹ́ǹtì, ẹ gba kámú, ìjọba lẹ̀ ń bá jà yẹn o." Mo ní kámú kọ́, kámẹ́rà ni. A kì í joyè àwòdì ká má lè gbádìẹ.

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, àwọn dókítà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Alága ìgbìmọ̀, ológun àtijọ́ onírùngbọ̀n funfun, ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Dókítà orúnkún ní bí mo bá ti lè fọwọ́ òsì di ọ̀pá mú, màá rìn dáadáa. Dókítà ọwọ́ ní òsì ò lè di nǹkan mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀tún ṣì wà. Dókítà etí ní bí wọ́n bá pè mí, kí n ṣáà yíra padà kíá, màá gbọ́.

Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Mo bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín, mà?" Alága ló béèrè bẹ́ẹ̀.

"Àwọn dókítà yín ni, sà. Ọwọ́ tí dókítà ọwọ́ ní kò lè di nǹkan mú ni dókítà orúnkún ní kí n fi di ọ̀pá rìn. Orúnkún tí kò lè rìn láìsí ọ̀pá ni dókítà etí ní kí n fi yí kíá. Ṣé wọn ò gbọ́ rí pé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí ni? Àbí èèyàn mẹ́ta ni mí?"

"Màmá, ẹ̀ ń sọ àsọdùn," dókítà orúnkún dá mi lóhùn.

Àsọdùn kẹ̀! Orí mi gbóná. Mo dìde, mo fi ọ̀pá sọ́wọ́ òsì, mo gbé ife omi alága sọ́wọ́ ọ̀tún. Mo ní kí dókítà etí lọ dúró lẹ́yìn mi, kó sì pè mí. Ọmọ mi ti dìde láti wá dì mí mú.

"Jókòó!" Ohùn tí mo fi ń pàṣẹ lójú ogun ni. Ó jókòó, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Mo gbẹ́sẹ̀. Dókítà pè mí, mo yí. Ọ̀pá yọ, orúnkún yẹ̀, ife fọ́, gbì ni mo ṣubú! Ó dùn mí o, mi ò ní parọ́.

Gbogbo wọn sáré wá.

"Ẹ má fọwọ́ kàn mí! Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí ná. Ẹ kọ ọ́ kí ẹ tó gbé mi."

"Màmi, ẹ jọ̀ọ́," ọmọ mi ń sunkún.

"Dákẹ́. Mò ń ṣiṣẹ́."

Alága wò mí nílẹ̀ níbẹ̀, ó sì kọjú sí wọn. "Ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Ẹ jọ kọ ọ́ sójú ìwé kan, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i." Orí ilẹ̀ tútù yẹn ni mo wà títí wọ́n fi kọ ọ́, tí alága sì kà á sókè pé mi ò lè dá gbé láìní olùtọ́jú.

"Ó dáa," mo ní. "Ẹ wá gbé mi wàyí." Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbé mi.

Ọjọ́ tí olùtọ́jú dé, ọmọ mi dira. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì rẹ̀.

"Màmi, ẹ wá lé mi lọ báyìí?"

"Mo lé ọ. Lọ wa ọkọ̀ rẹ."

Ó dì mọ́ mi, ó lọ. Olùtọ́jú fẹ́ ti ilẹ̀kùn, mo ní kó ṣì fi í sílẹ̀, mo fẹ́ wo ẹ̀yìn ọmọ mi. Ibẹ̀ ni mo ti wá sun ẹkún tí mi ò sun níwájú ìgbìmọ̀.