Pákó Tó Ń Gbé Ohùn Mì

Dídán ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí pákó tó bọ́ sí i lọ́wọ́ tí kì í dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró wẹ̀ ẹ́. Ọdún mọ́kànlélógójì ló ti fi ṣe iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Tábìlì rẹ̀ kì í mì, dúróọ̀ rẹ̀ kì í há. Nígbà tí àwọn tó ń gba ohùn sílẹ̀ àti àwọn tó ni ilé ìpàdé bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí wọ́n máa fi pa gbohùngbohùn lára ògiri, Dídán wo fóòmù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri káàkiri, ó ní kí ló dé tí nǹkan bẹ́ẹ̀ fi ní láti rí bíi tìmùtìmù tí eku jẹ. Ló bá gbé tirẹ̀ dé. Á kan férémù, á ki òwú líle sí i nínú, á fi aṣọ bò ó, lẹ́yìn náà á wá to ọ̀pá pákó tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ síwájú aṣọ náà, pẹ̀lú àlàfo ìka kan láàárín wọn. Ẹni tó bá wọlé á rò pé kọ́bọ́ọ̀dù olówó ńlá ni wọ́n gbé ti ògiri. Ohùn tó bá wọ inú rẹ̀ kì í padà wá.

Ilé ara rẹ̀ nìkan ni kò ṣe é sí.

Bẹ́ẹ̀ ilé náà ló nílò rẹ̀ jù. Ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Tíṣà nítorí òun ló kọ́ ìdajì àwọn àgbà àdúgbò náà ní ìwé kíkà, ni etí rẹ̀ ti ń di láti bí ọdún márùn-ún. Wọ́n ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sínú etí fún un. Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní ìta, ṣùgbọ́n ní pálọ̀ wọn, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ táìlì, tí ògiri jẹ́ simẹ́ńtì gbalasa, tí fèrèsé jẹ́ gíláàsì láti òkè délẹ̀, bí ènìyàn méjì bá ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ wọn á ta bá ògiri, á ta bá ilẹ̀, á wá di rúdurùdu sí i létí. Bí àwọn ọmọ-ọmọ bá wá, ibi tí kò ti yẹ kó rẹ́rìn-ín ló máa ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò jókòó sí pálọ̀ mọ́. Inú yàrá ló máa ń wà tòun ti ìwé rẹ̀.

Àkọ́bí wọn obìnrin, tó jẹ́ télọ̀, ló ń bá bàbá rẹ̀ jà lórí ọ̀rọ̀ náà.

"Bàbá, ẹ̀ ń ṣe é fún gbogbo ayé, ẹ ò ṣe é fún Màmá. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?"

"Màá ṣe é."

"Láti ọdún tó kọjá lẹ ti ń ṣe é."

Dídán á ní pákó kò tíì gbẹ, á ní òwú kò tíì dé. Irọ́ ni. Pákó ti gbẹ ju eegun lọ. Ohun tó ń dá a dúró wà nínú àyà rẹ̀. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, dókítà kan gbé àwòrán ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ síwájú iná, ó fi bírò tọ́ka sí i, ó ní, "Bàbá, eruku pákó ti fi ibí yìí ṣe ilé. Ẹ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, kí ẹ sì máa wá gba ìtọ́jú." Dídán dúpẹ́. Ó gbé àwòrán náà dé ṣọ́ọ̀bù, ó tì í sábẹ́ àpótí irinṣẹ́, kò sì padà sọ́dọ̀ dókítà náà mọ́. Ẹni tó ti ń gbẹ́ pákó láti kékeré, kí ló fẹ́ jókòó máa ṣe?

Láti ìgbà náà ni àyà rẹ̀ ti ń súfèé. Tó bá mí sínú, á dún fíìì. Tó bá mí síta, á máa ha bí ìgbà tí ènìyàn ń fi sáńpépà gbo pákó. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbé nítòsí rẹ̀ tó lè gbọ́ ọ, ẹni náà kò sì gbọ́. Dídán mọ̀ pé ọjọ́ tí pálọ̀ yẹn bá dákẹ́ ni àṣírí tú.

Tíṣà fúnra rẹ̀ ló wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Bàbá wọn, ẹ pa ẹ̀rọ yẹn ná."

Ó pa á. Ariwo ọkọ̀ ojú títì gba ibẹ̀ kan.

"Lánàá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ wa sọ fún mi pé ajá òun kú. Mo ní, 'O ṣeun, ọmọ mi.'" Tíṣà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Ohùn yín gan-an, mo ti ń gbàgbé rẹ̀. Ẹ ṣe nǹkan náà fún mi. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ fóòmù o. Ẹ má sọ pálọ̀ mi di ilé ìwòsàn. Mo fẹ́ kó rí bí iṣẹ́ ọwọ́ yín."

Dídán wá irọ́ tó máa pa, kò rí i. Ó ní, "Ó dáa."

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, Télọ̀ kó aṣọ oríṣiríṣi wá fún un láti yàn nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń dán aṣọ náà wò kò le: wọ́n á fi bo ẹnu, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i. Bí èémí bá gba inú rẹ̀ kọjá, ohùn náà á kọjá, òwú á sì gbé e mì. Bí èémí ò bá kọjá, aṣọ náà kò wúlò.

Dídán fi àkọ́kọ́ bo ẹnu, ó fẹ́ ẹ. Ó jù ú sílẹ̀. Ó fẹ́ ìkejì, ó fẹ́ ìkẹta. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀.

"Aṣọ wo lo kó wá yìí? Ó ki jù."

"Ẹ mú un wá." Télọ̀ fi aṣọ kẹta náà bo ẹnu tirẹ̀, ó tẹ̀ síwájú tábìlì, ó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́búlẹ́bú pákó tó wà lórí tábìlì fò lọ gbuu. Ó sọ aṣọ kalẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀. "Bàbá, aṣọ kọ́."

Ibẹ̀ ni Dídán ti jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ àyà rẹ̀ fún un. Télọ̀ sunkún títí tí imú rẹ̀ fi pọ́n.

"Jẹ́ kí n ṣe èyí tán," bàbá rẹ̀ ní. "Tí mo bá ti ṣe é tán, èmi fúnra mi á sọ fún màmá ẹ. Jọ̀ọ́, ìyá mi."

Kò sí ẹni tí bàbá rẹ̀ pè ní ìyá rí tó lè kọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, òun ló gba sáńpépà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi aṣọ di imú ara rẹ̀, ó di ti bàbá náà, ó ń gbo pákó, bàbá ń so ó pọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é. Dídán kò ṣe iṣẹ́ tó dà bíi rẹ̀ rí. Èyí tó wà lẹ́yìn tábìlì oúnjẹ gùn láti igun dé igun, ọ̀pá pákó rẹ̀ pọ́n bí epo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lórí iná. Èyí tó wà lára ògiri òdì kejì rí bíi kọ́bọ́ọ̀dù ìwé, ó tilẹ̀ ní ibi tí Tíṣà lè to ìwé rẹ̀ sí. Kò sí orí ìṣó kan tí ojú lè rí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n parí rẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jẹ́ kí Tíṣà wọlé. Ó dúró láàárín pálọ̀, ó fọwọ́ pa pákó lára bí ẹni ń pa ọmọ lórí. Ó wá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, pàá, bó ṣe máa ń ṣe tí kíláàsì bá ń pariwo. Ohùn náà kú síbẹ̀.

"Màmá, ẹ kú ilé o," Télọ̀ ní láti ẹnu ọ̀nà ìdáná, kò pariwo.

"Mo gbọ́ ẹ! Ohùn ẹ ti dàgbà, àbí èmi ni mo gbàgbé?" Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó sì yí sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ̀yin náà, ẹ sọ̀rọ̀. Kí lẹ dákẹ́ sí?"

Dídán ti ń sé èémí láti ìgbà tó ti wọlé. Kò lè sé e mọ́. Kó tó sọ "Kí ni kí n sọ?" tán, àyà rẹ̀ dún fíìì.

Tíṣà tẹ́tí. "Kí ló ń súfèé?"

"Fáànù ni."

Ó rìn lọ síbi súwíìṣì, ó pa fáànù. Gbogbo wọn dúró títí fáànù fi yí ìyí tó kẹ́yìn. Fíìì náà ṣì wà níbẹ̀. Tíṣà tọ̀ ọ́ wá, ó gbé etí lé e láyà, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó ọdún méjì."

"Ta ló mọ̀?"

Télọ̀ wolẹ̀.

"O gbọ́n," Tíṣà ní fún ọkọ rẹ̀. "Etí mi tó di lo fi ṣe aṣọ ìbora."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, Tíṣà kò sọ "o" sí i rí, "ẹ" ni. Ọ̀rọ̀ kékeré náà dun Dídán ju ikọ́ lọ. Ó la ẹnu láti ṣàlàyé, ikọ́ gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni Tíṣà kò fi bá a sọ̀rọ̀. Oúnjẹ ń dé orí tábìlì, omi gbígbóná ń dé balùwẹ̀, ọ̀rọ̀ ni kò dé. Òun ló tẹ̀ lé e lọ sí ilé ìwòsàn, tó jókòó tì í, tó gbọ́ bí dókítà ṣe ní, "Bàbá, ẹ pẹ́. Ohun tí a lè ṣe báyìí ni ká máa dín ìnira rẹ̀ kù." Wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń fúnni ní atẹ́gùn ránṣẹ́ sílé, pẹ̀lú rọ́bà gígùn tó ń wọ imú. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan láti òpópónà kejì wá kó àwọn ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù lọ. Dídán gbọ́ ìró wọn bí wọ́n ṣe ń gbé wọn sọ́kọ̀, kò jáde wò wọ́n.

Àwọn ènìyàn gbọ́ nípa pálọ̀ náà, wọ́n ń wá wò ó. Wọ́n á fọwọ́ pa pákó, wọ́n á béèrè ìgbà tó máa ráyè ṣe tiwọn. "Kò ṣe é mọ́," ni Tíṣà máa ń dá wọn lóhùn, á sì sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó gbé àga rẹ̀ sún mọ́ ti ọkọ rẹ̀.

"Ọdún márùn-ún ni mi ò fi gbọ́ yín dáadáa," ó ní. "Gbogbo ìtàn tí ẹ ń sọ fún mi, orí ni mo kàn ń mì. Ẹ tún wọn sọ."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

Dídán ronú sẹ́yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí oníbàárà kan tó ní kó kan ibùsùn tí kò lè gba ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ wọlé. Ó sọ gbólóhùn kan, ó mí. Ó sọ ìdajì, ó tún mí. Ibi tó máa ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín kò tíì dé tó fi rẹ̀ ẹ́.

"Ẹ mí ná," Tíṣà ní. "Mo ń gbọ́ yín."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn lójoojúmọ́. Ìtàn tó yẹ kó gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá ń gba odidi ọ̀sán kan. Òmíràn ń gba ọjọ́ méjì. Àwọn kan wà tí kò rí parí.