Láptọ́pù Tó Ní Òun Ò Ní Bátìrì

Ìròyìn tí Jíbrílù awakọ̀ iṣu gbé wá láàárọ̀ Sọ́ńdè dára púpọ̀, àfi pé ó yẹ kó ti dé láti Sátidé. Bó ṣe wọ àgbàlá àwọn Joanna ní Pópó Àgùdà, tòun ti erùpẹ̀ iṣu lára, ló ti ń pariwo:

"Joanna, Mùs'áb àfẹ́sọ́nà rẹ ní kí n sọ fún ọ pé bátìrì wà nínú láptọ́pù yẹn o! Ó bá ẹnì kan tó ní irú ẹ̀ pàdé l'Ábẹ́òkúta. Bátìrì wà níbẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ni kò rí i."

Joanna wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé agboòrùn fún lẹ́yìn tí òjò ti pa á dé egungun.

"Ìgbà wo ló rán ọ?"

"Àná ni. Wọn ò tètè já iṣu mi ní Èbúté Èrò, ibẹ̀ ni mo sùn. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Ó wà. Olè ni wọ́n ń pè mí báyìí."

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní ọdún 1999 yẹn, Mùs'áb, ọmọ Alhaja Àlímọ̀t tí ilé wọn fara ti ti àwọn Joanna, ra láptọ́pù àlòkù fún un kó máa fi tẹ ìwé ètò ìsìn fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fi ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ kan sínú rẹ̀, èyí tí àwọn èèyàn kárí ayé jọ kọ, tí wọ́n sì ń tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀. Mùs'áb fẹ́ràn ètò náà débi pé, tó bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ìyàwó kejì ló fẹ́ fẹ́. Ètò náà wo inú láptọ́pù yíká, ó kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ pé kò sí bátìrì. Mùs'áb gbà á gbọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Má yọ wáyà rẹ̀ lára iná láéláé," ló wí. Joanna náà ò sì yọ ọ́.

Ní Sátidé, àwọn oníná wá pààrọ̀ òpó tó ti jẹrà lójú títì wọn. Wọ́n já wáyà, ilé àwọn Joanna sì ṣókùnkùn, nítorí yàrá ìsàlẹ̀ ilé àtijọ́ náà kì í mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Òpó mìíràn ni ilé Alhaja ti ń gba iná, kò sì kàn wọ́n. Alhaja bu mọ́ínmọ́ín sáwo, ó gbé e wá fún àfẹ́sọ́nà ọmọ rẹ̀. Ó ṣí kọ́tìnnì. Láptọ́pù ń tàn yòò nínú òkùnkùn bí ojú ológbò.

"Joanna, iná ta lò ń lò?"

Ẹnu ń ya Joanna fúnra rẹ̀. Ó ti ń ronú ẹni mímọ́ tí yóò tan àbẹ́là fún.

"Mi ò mọ̀, Màmá."

"Àbí ó ní bátìrì?"

Ibi tí òótọ́ ti kó bá a nìyẹn. "Kò ní, Màmá. Mùs'áb ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó, ó kọ ọ́ síbí."

Alhaja gbé mọ́ínmọ́ín rẹ̀ padà.

"Abájọ! Abájọ tí fáànù mi fi ń yí bí ẹni tó ń tòògbé láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ yìí ti dé! Ilé mi lo ti ń fa iná!"

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti gbọ́ dé Jankara. Alhaja ní kí Joanna kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ará ilé, kó jẹ́wọ́ olè, àbí kí wọ́n gbàgbé mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tó ku ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí Jíbrílù sì lọ jíṣẹ́ fún un, ó ní awakọ̀ iṣu ò lè kọ́ òun ní kọ̀ǹpútà, òun á dúró de ọmọ òun.

Mùs'áb ti Abẹ́òkúta dé nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, ọkàn Joanna sì balẹ̀. Ó ti ń rí i lọ́kàn bí Mùs'áb yóò ṣe dìde gbèjà òun, tí yóò nàka sókè bí lọ́yà. Joanna gbé láptọ́pù lọ sí pálọ̀ Alhaja, níbi tí ará ilé ti kún fọ́fọ́. Ó kọ́kọ́ fi í síná, ó tàn án, ó wá fa wáyà yọ. Láptọ́pù ò kú.

"Ẹ ò rí i!" Alhaja pàtẹ́wọ́. "Inú afẹ́fẹ́ ló ti ń fà á báyìí!"

Joanna dojú ẹ̀rọ dé, ó yọ bátìrì tó wúwo bí ọṣẹ ìfọṣọ jáde lábẹ́ rẹ̀. Ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn lójijì.

"Bátìrì rẹ̀ nìyí, Màmá. Kò sí iná yín nínú ẹ̀."

Alhaja gbà á, ó mì ín létí, ó gbóòórùn rẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ̀rọ ní kò sí? Ẹ̀rọ á máa parọ́ mọ́ ara rẹ̀ ni? Mùs'áb, ìwọ lo kàwé ẹ̀. Ṣé ọmọ yìí jalè àbí kò jalè?"

Mùs'áb wo ìyá rẹ̀, ó wo ilẹ̀.

"Màmá, ẹ ṣe sùúrù. Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ń tún ètò náà ṣe. Ẹnì kan ní Jámánì ní òun á bá mi wò ó."

"Ṣé mo béèrè Jámánì lọ́wọ́ rẹ ni?"

Àwọn ará ilé rẹ́rìn-ín. Mùs'áb yíjú sí Joanna, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣáà kúnlẹ̀ ná, jọ̀ọ́. Tí ètò náà bá ti wá rí bátìrì, gbogbo wa la máa jọ fi rẹ́rìn-ín."

Joanna gba bátìrì lọ́wọ́ Alhaja jẹ́jẹ́, ó tì í padà sáyè rẹ̀, ó sì gbé láptọ́pù lé Mùs'áb nítan.

"Ìwọ lo rán Jíbrílù sí mi. O mọ̀ pé mi ò jalè, o sì ní kí n kúnlẹ̀. Mi ò ní kúnlẹ̀, Mùs'áb. Mi ò sì ní fẹ́ ọ mọ́."