Àyè Òfìfo Inú Lápútọ́ọ̀pù Jọmílójú

Bí mẹkáníìkì bá fẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ tí mo fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ní Ìtàjí, mo kọ́kọ́ máa ń fi ìṣó ha àmì sára gbogbo ohun tó ṣeé tú nínú rẹ̀, ilà méjì tó dábùú ara wọn. Bó bá parí iṣẹ́, màá wo àwọn àmì náà kí n tó jẹ́ kó lọ. Àwọn kan ń pè mí ní aláfura. Nǹkan inú ẹ̀rọ tiwọn ti wà nínú ẹ̀rọ ẹlòmíràn báyìí, tèmi pé.

Lápútọ́ọ̀pù ọmọ mi ni n kò ha nǹkan sí, nítorí pé wọ́n ti dé e pa kí n tó rí i. Dèjì ló tà á fún wa. Ọmọ Láyí ni, Láyí sì ni ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó hu pèrègún ààlà oko kòkó wa, tó gbin òmíràn sínú ilẹ̀ tèmi, tó wá ní òjò ló wó ti àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà, n kì í kí i. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà là ń lọ. Òun ń jókòó lápá òsì, èmi ń jókòó lápá ọ̀tún. Ẹni tí bàbá rẹ̀ lè hu pèrègún, kí ni kò ní lè hu nínú lápútọ́ọ̀pù?

Jọmílójú, ọmọ mi, ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní Ọ̀yẹ́. Lọ́jọ́bọ̀, ó gbọ́dọ̀ fi ilé tó yà han àwọn olùkọ́ rẹ̀, kó máa yí i síwá sẹ́yìn níṣojú wọn. Bí kò bá yí, ọmọ mi kò ní bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde.

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí àbúrò ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Èkó wà ní pálọ̀ wa. Lórí ìyẹn, ilé náà ń yí bí òkòtó. Ṣùgbọ́n kò ní bátìrì, kò sì wúlò níwájú olùkọ́ bí kò bá sí iná. Ìdí tí a fi ra lápútọ́ọ̀pù nìyẹn. Orúkọ kan náà ni ṣíìpù, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, inú àwọn méjèèjì ń jẹ́. Kò sí káàdì àwòrán lọ́tọ̀ nínú èyíkéyìí. Ṣíìpù tó ń ronú náà ló ń ya àwòrán. Síbẹ̀, lórí lápútọ́ọ̀pù, ilé á yí díẹ̀, á dúró, fáànù á máa ké bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lọ́rùn.

"Dèjì ti yọ nǹkan," mo ní.

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo nílò lápútọ́ọ̀pù yìí."

"Èmi náà nílò pèrègún mi."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo gbé àpótí ti orí tábìlì lé itan lórí ọ̀kadà, Jọmílójú gbé lápútọ́ọ̀pù lórí òmíràn, ó di ṣọ́ọ̀bù Dèjì ní Ọ̀yẹ́.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá," Dèjì ní. "Ṣé ẹ ń kó kúrò nílé ni?"

"Tú méjèèjì níṣojú mi. Yọ ohun tó ń ya àwòrán nínú èyí, kí o fi sínú èyí tí o tà fún wa. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́."

"Kò ṣeé ṣe, Bàbá."

"Mo mọ̀ pé o máa sọ bẹ́ẹ̀."

Ó tú wọn. N kò jókòó sórí àga tó gbé fún mi, torí ẹni tó bá jókòó kì í rí ọwọ́ ẹni tó dúró. Nínú ti orí tábìlì, fáànù kan wà tó tó àwo ọbẹ̀. Ó yọ ọ́, ó gbé irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sókè, ṣíìpù náà ṣí kúrò nínú ìtẹ́ rẹ̀. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó tọ́ka sí ti lápútọ́ọ̀pù.

"Ẹ yọ èyí náà, Bàbá."

Mo fi èékánná tì í. Kò mì. Òjé ni wọ́n fi dì í mọ́ bọ́ọ̀dù.

"Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ló dì í bẹ́ẹ̀," ó ní. "Wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ, wọn kò jọ ń jẹun. Ti orí tábìlì ń jẹ iná ara ògiri bó ṣe wù ú, fáànù ńlá sì ń fẹ́ ẹ. Bátìrì ló ń bọ́ èyí, wọ́n ṣe é kó máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, á rọra ṣiṣẹ́ kó má baà jóná. Ẹ gbé ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ yín sínú báàgì ẹ wò ó."

Jọmílójú rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Irú àlàyé dídùn yìí ni Láyí fi ṣàlàyé òjò fún àwọn àgbà ìdílé.

Mo tẹ̀ síwájú, mo wo inú lápútọ́ọ̀pù dáadáa. Pátákó pẹlẹbẹ kékeré kan wà nínú àyè tirẹ̀. Lókè rẹ̀, àyè mìíràn wà tó rí bákan náà, òfìfo ni. Nínú ti orí tábìlì, pátákó bẹ́ẹ̀ jẹ́ méjì, wọ́n gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Kí ni èyí?"

"Ráàmù ni. Ibẹ̀ ni ṣíìpù ti ń yá àyè tó fi ń ya àwòrán, torí kò ní tirẹ̀. Ṣíìpù méjèèjì ló ń yá a."

"Méjì níbí, ọ̀kan níbẹ̀. Èkejì dà?"

Dèjì gbé ọwọ́ kúrò lórí tábìlì. "Bó ṣe ti òkè òkun dé nìyẹn, Bàbá. Ọ̀kan ló wà nínú rẹ̀."

"Ta ló rí i?"

"Èmi."

"Ìwọ nìkan."

Jọmílójú ti gbójú sókè, ó ń wo Dèjì bí èmi náà ṣe ń wò ó. Ó pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ kí ẹlòmíràn wo ìran Láyí bẹ́ẹ̀.

Mo ní kí Dèjì tan iná fóònù síbẹ̀, kó sì yọ ráàmù tó wà nílẹ̀. Ibi tí nǹkan bá ti jókòó pẹ́, eruku kì í débẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ojú ibẹ̀ á mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mú mẹkáníìkì kan ní Ayégbajú tó yọ nọ́ọ̀tì ẹ̀rọ mi. Tòkunbọ̀ ni lápútọ́ọ̀pù yìí, eruku ọdún púpọ̀ wà nínú rẹ̀. Abẹ́ ráàmù tó yọ mọ́ bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Mo wo àyè kejì. Eruku kún ẹnu rẹ̀ dé inú, ó rọ̀ bí ìhùùhù adìyẹ.

Kò sí ohun tó jókòó síbẹ̀ rí.

Mo tún un wò. Mo fẹ́ kó mọ́. Bí mo bá sọ pé ó mọ́, ọmọ mi á gbà mí gbọ́, torí kò mọ ohun tí eruku ń sọ.

"Ẹnikẹ́ni kò yọ nǹkan níbí," mo ní.

Dèjì mí kanlẹ̀. "Bí a bá fi èkejì sí i, yóò yá ju báyìí lọ. Kò ní dà bíi ti orí tábìlì, n kò ní purọ́ fún yín."

"Yọ ọ̀kan nínú ti orí tábìlì sí i."

"Ó gùn jù, Bàbá."

Mo wọ̀n ọ́n fúnra mi. Ó gùn jù lóòótọ́. Dèjì mú ráàmù kékeré kan jáde nínú dúrọ́ọ̀. Mo gbà á, mo fa ìṣó yọ lápò.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Àmì."

"Ẹ má fọwọ́ kan eyín wúrà tó wà létí ẹ̀ o. Ara bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn yẹn ni kí ẹ ha."

Mo ha ilà méjì tó dábùú ara wọn. Ó fi sí i, ó gbọn eruku fáànù dànù, ó dé e. Jọmílójú tan án. Ilé náà jáde tòun ti òrùlé àti fèrèsé. Ó fi ìka fà á. Ó yí, kì í ṣe bí òkòtó, bí àgbàlagbà tí wọ́n pè lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò dúró lọ́nà. Ọmọ mi fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

N kò dúpẹ́ lọ́wọ́ Dèjì. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, mo ní, "Bá mi kí bàbá rẹ."

Ó wò mí bí mo ṣe máa ń wo mẹkáníìkì. "Kí n bá yín kí bàbá mi? Kí ni kí n sọ pé ẹ fẹ́ lọ́wọ́ wọn?"

"Sọ pé mo ń bọ̀ lóko lọ́jọ́ Sátidé, mo fẹ́ wo ilẹ̀ ibi tí pèrègún àkọ́kọ́ wà, bóyá òjò ló wó o lóòótọ́. Kó má sì gbin nǹkan kan síbẹ̀ kí n tó dé."