Gílóòbù Méjì, Fáànù Kan

Ó ti rẹ Ọláńrewájú. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí èèyàn bá sùn tó ń lọ, àárẹ̀ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nídìí iṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná ni, ó sì ti wọ egungun. Ó ku ọ̀sẹ̀ méje kó fẹ̀yìntì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà ní irú ipò yìí ń jókòó sí ọ́fíìsì, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn, wọ́n ń retí ọjọ́ àríyá ìdágbére. Òun wà nínú oòrùn Kano, nínú oṣù Ẹrẹ́nà, fáìlì lábẹ́ abíyá, ó ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn ní àdúgbò tí wọ́n bí i sí, lẹ́yìn Ibo Road, ó ń bi àwọn tó mọ̀ ọ́n láti kékeré pé fáànù mélòó ni wọ́n ní.

Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Tiransifọ́mà àdúgbò yẹn kéré, gbogbo ayé ló mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ti jó. Wọ́n á tún un ṣe, gbogbo ilé á tan nǹkan wọn, yóò kùn fún wákàtí díẹ̀, yóò sì kú. Ní báyìí, iléeṣẹ́ ń ṣètò láti mú iná Sabon Gari, agbègbè tí Ibo Road wà, gbòòrò sí i. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá tó wà lókè kò mọ Ibo Road, wọn ò mọ France Road. Fọ́ọ̀mù ni wọ́n mọ̀. Ohun tí ará àdúgbò bá sọ pé òun ń lò, tó sì fọwọ́ sí, òun ni wọ́n máa fi pinnu bóyá tiransifọ́mà igba KVA ni wọ́n tún máa gbé wá tàbí ti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ọjọ́ Ẹtì ni gbogbo fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ wọlé. Bó bá tún lọ jẹ́ igba, ó di ọdún mẹ́wàá mìíràn kí ẹnikẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn wo àdúgbò náà, ìyá Ọláńrewájú tó ń gbé níbẹ̀ sì ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin.

Ọjọ́rú nìyí. Òun àti Sharon, ọmọbìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́, ti wọ ilé mọ́kànlélógójì, ìdáhùn kan ṣoṣo ni wọ́n sì gbà ní gbogbo rẹ̀.

"Gílóòbù méjì, fáànù kan."

Télọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó ń ta ẹja dídì sọ bẹ́ẹ̀, omi ẹja sì ń ṣàn gba abẹ́ ilẹ̀kùn bọ̀ wá bá wọn níbi tí wọ́n dúró sí. Wọ́n dé òtẹ́ẹ̀lì kékeré tí Ọ̀gbẹ́ni Bartholomew ni, yàrá mẹ́rìnlá, ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́rìnlá yọ sẹ́yìn ògiri. Bartholomew gbójú sókè wò wọ́n bí ẹni pé òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí wọn ni.

"Those ones? Na decoration," ó ní. "Write two bulb, one fan."

Ọláńrewájú ti ṣàlàyé títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ. Ó sọ ọ́ ní Yorùbá, ó sọ ọ́ ní Pidgin, ó sọ ọ́ ní Hausa. Ó ní mítà tí wọ́n ń sanwó sí ṣáájú ló wà lára ògiri kálukú báyìí, pé fọ́ọ̀mù yìí kò lè fi kọ́bọ̀ kan kún owó iná ẹnikẹ́ni. Wọ́n á gbọ́, wọ́n á mi orí, wọ́n á fún un ní omi mu, wọ́n á sì tún un sọ: gílóòbù méjì, fáànù kan. Kò yé e. Èèyàn kì í bẹ̀rù ohun tí kò sí mọ́.

Wọ́n jókòó lábẹ́ igi dógóyárò kan kí Sharon lè to ìwé. Kano ni wọ́n bí Sharon sí. Yorùbá yé e dáadáa, ṣùgbọ́n Pidgin ló fi máa ń dáhùn. Ó ṣí fáìlì àtijọ́, ti ọdún 2011, tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi wé ti ìsinsìnyí. Òfin iléeṣẹ́ ni pé ilé tí ohun tó ń lò bá ti ju ìlọ́po méjì ti àtijọ́ lọ, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i.

Sharon ṣí ewé kan, ó ṣí òmíràn, ó dúró.

"Oga, abeg, look. Everybody write the same thing that time too. And na your sign dey the bottom."

"Mo ti rí i," Ọláńrewájú dáhùn. Kò wo ìwé náà.

Ní ọdún 2011, kò sí mítà lára ilé kankan ní àdúgbò náà, ńṣe ni wọ́n ń fojú bu owó iná fún kálukú. Ọláńrewájú ni olórí àwọn tó ń ka ohun èlò kiri. Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó yà kí ìyá rẹ̀, ó rí fírísà tuntun tí ìyá fi àjọ rà, àánú sì ṣe é. Ó ní, "Màmá, bí wọ́n bá dé lọ́la, ẹ fi aṣọ bo nǹkan yìí. Ẹ ṣáà sọ pé gílóòbù méjì, fáànù kan." Ọ̀rọ̀ ò ju ìyẹn lọ. Ó rò pé oore lòun ṣe, ó wá gbàgbé irú ẹni tí ìyá òun jẹ́. Ohun rere kan kò ní bọ́ sọ́wọ́ obìnrin yẹn kó má pín in. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ìyá ìjọ ti gbọ́, àwọn ayálégbé ti gbọ́, àwọn Ìgbò òpópónà kejì ti gbọ́. Ọmọ Màmá Láńre tó wà níbi iṣẹ́ iná ló sọ ọ́, ta ló máa mọ̀ jù ú lọ?

Fọ́ọ̀mù ilé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta dé orí tábìlì rẹ̀, bákan náà ni gbogbo wọn rí. Ó lè dá wọn padà. Ṣùgbọ́n bó bá dá wọn padà, wọ́n á wádìí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó mú bírò, ó fọwọ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Igba KVA ni wọ́n gbé wá, ó bá ìwé mu régí. Ọdún kejì ló kọ́kọ́ jó.

Ilé ìyá rẹ̀ ló kàn.

Ìgbà azumi ni, ààwẹ̀ àwọn Mùsùlùmí, àkókò tí Màmá Láńre máa ń di omi sínú nylon, tó ń tà á fún àwọn tó fẹ́ fi omi tútù ṣínu. Àwọn èèyàn ń wá láti àdúgbò Brigade wá ra kankara, omi dídì náà, lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ó mọ́, kì í sì í rùn. Láti ọjọ́ mọ́kànlá ni iná kò ti dúró tó wákàtí méjì. Omi kò dì. Ìyá náà kò lè sùn sínú yàrá nítorí ooru; ẹní ló tẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, páálí ló fi ń fẹ́ ara rẹ̀. Nígbà tí Ọláńrewájú dọ̀bálẹ̀ kí i, ó rí ooru tó ti sú bo ọrùn ìyá rẹ̀, ó pupa, ó ṣù jọ.

"Ẹ kú oòrùn o, ẹ̀yin ọmọ mi," ni Màmá wí. "Ẹ jókòó. Sharon, àbí? Kọ ọ́ sílẹ̀, ọmọ mi: gílóòbù méjì, fáànù kan."

"Màmá," ni Ọláńrewájú wí.

"Gílóòbù méjì, mo ní. Fáànù kan. Fún mi ní bírò kí n fọwọ́ sí i."

Ọláńrewájú fà á wọ inú yàrá, ó pa ilẹ̀kùn dé. Inú yàrá náà gbóná bí inú ààrò.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe fún mi báyìí? Igba ni wọ́n tún máa gbé wá. Ẹ ò ní rí iná lò kẹ́ ẹ tó kú. Ẹ̀rù kí ló ń bà yín? Mo ti ní kò kan owó!"

Ìyá rẹ̀ gbé páálí tó fi ń fẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ owó? Orúkọ rẹ ló wà lórí ìwé àtijọ́, Láńre. Bí mo bá sọ lónìí pé fírísà mẹ́ta, ṣé èmi ni wọ́n máa bi? Wọ́n á ní ìwọ lo fọwọ́ sí irọ́. Ó ku díẹ̀ kó o jáde tọláńlá. Mo bá wọn sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, mo lọ bá Bartholomew fúnra mi, mo bẹ gbogbo wọn kí wọ́n má yí ọ̀rọ̀ padà. Mo ní kí wọ́n má kó bá ọmọ mi. Wọ́n sì gbà. Kò sẹ́nì kan tó jiyàn."

Ọláńrewájú jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ojú tì í débi pé kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló ti ń bínú sí àwọn èèyàn yìí, ó ń pè wọ́n ní aláìgbọràn nínú ọkàn rẹ̀. Òun ni wọ́n ń bò. Ẹlẹ́ja ń da ẹja tó ti bàjẹ́ nù, Bartholomew ń pàdánù àlejò, gbogbo wọn ń làágùn, kí òun lè gba aago ìdágbére níwájú àwọn ọ̀gá. Ó fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ jù fún ẹkún.

Ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn. Ìró mẹ́ta wà lórí ohun mẹ́ta, àwo ìjẹun àti ìwé orin sì wà lórí wọn, kó lè dà bíi tábìlì. Ó kó àwo kúrò, ó fa àwọn aṣọ náà wálẹ̀.

"Láńre, má ṣe bẹ́ẹ̀," ni ìyá rẹ̀ ń wí lẹ́yìn rẹ̀. "Mo bẹ̀ ọ́."

"Sharon! Máa bọ̀ níbí. Kọ fírísà mẹ́ta. Fáànù mẹ́rin, ẹ̀rọ tó ń fa omi kan, gílóòbù mọ́kànlá."

Sharon kọ ọ́. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè ìdí tó fi ju ti àtijọ́ lọ, ó gbé ojú sókè, bírò rẹ̀ sì dúró. Ọláńrewájú gba fọ́ọ̀mù náà, ó fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ní ọdún 2011, òun ni òun ní kí wọ́n fi àwọn ohun èlò pamọ́, òun mọ̀ pé irọ́ ni, òun sì fọwọ́ sí i. Ó fọwọ́ sí èyí náà.

"Oga, they go query you o," Sharon sọ ọ́ pẹ̀lẹ́.

"Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ ká padà lọ sílé àkọ́kọ́."

Mọ́kànlélógójì ni wọ́n máa tún wọ̀, méjìlélógún kò tíì jẹ́ wíwọ̀ rárá nínú mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, oòrùn sì wà ní àtàrí. Wọn ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí Màmá fi wé gèlè, tó mú ọ̀pá rẹ̀. Ó ní òun lòun ní kí wọ́n pa ẹnu mọ́, wọn ò ní gbọ́ tẹlòmíràn. Ó ṣáájú wọn. Ní òtẹ́ẹ̀lì, Bartholomew ka ohun tí Ọláńrewájú kọ, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ fìlà.

"Engineer, you for no write am," ó ní. Ó wá gba bírò lọ́wọ́ Sharon. "Fourteen AC. Two pumping machine."

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni fọ́ọ̀mù wọlé. Nígbà tó yá, ìwé méjì jáde lọ́jọ́ kan náà láti òkè: ọ̀kan fọwọ́ sí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta KVA, èkejì ní kí Ọláńrewájú wá sọ tẹnu rẹ̀. Wọn kò ṣe àríyá kankan fún un. Ní ọjọ́ tó fẹ̀yìntì, ó kó ife àti búrọ́ọ̀ṣì bàtà rẹ̀ sínú nylon dúdú, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé.

Azumi ti parí tipẹ́, òjò ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó gbé tiransifọ́mà dé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta tí wọ́n tan án, Ọláńrewájú lọ kí ìyá rẹ̀. Iná wà. Àwọn fírísà ń kùn ní yàrá ẹ̀yìn. Màmá sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, nínú yàrá, fáànù ń fẹ́ eteetí ìró rẹ̀. Ó fa àga sún mọ́ ọn, ó jókòó, kò jí i.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìyá náà tó yí ẹ̀gbẹ́ padà, láì la ojú.

"Láńre, ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, Màmá."

"Fáànù pálọ̀ ń ṣiṣẹ́. Lọ pa á, kí wọ́n má bàa rí i, kí wọ́n má kó bá ọ."

Oorun ṣì wà lójú rẹ̀. Ọláńrewájú ní, "Ó dáa, mà." Ó dìde, ó lọ sí pálọ̀, ó dúró lábẹ́ fáànù náà títí ó fi gbọ́ tí ìyá rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun.